Ìwé ìrántí fún ìyá tí àrùn ìgbàgbé mú lọ: ohun tí àwọn atẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde ń ṣe dáadáa, àti ibi tó yẹ kí ẹ ti dúró tì wọ́n

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ẹ ní ìyá yín ti papò dà, kí ẹ tó jókòó ni wọn yóò ti na àpẹẹrẹ kan sí yín. Ìwé olójú-ewé 24 ni, ìwọ̀n A5, ìyẹn ìdajì bébà A4. Fọ́tò ńlá kan wà níwájú, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èèpo rẹ̀ ń dán yinrin. Inú rẹ̀ ti ní àyè fún ohun gbogbo: ètò ìsìn, orin, ìtàn ìgbésí ayé, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ, ìdúpẹ́. Orúkọ àti àwòrán nìkan lẹ máa kó wá. Fún ìyá tó ṣàìsàn ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lọ, ìwé yìí tó. Fún ìyá tí àrùn ìgbàgbé bá jà fún ọdún mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, kò tó rárá, ìdí tí a fi ń yẹ iṣẹ́ yìí wò nìyẹn.

Àwọn ọmọ-ọmọ tí wọ́n bí láàárín àìsàn náà kò mọ ìyá àgbà mìíràn ju èyí tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń bi gbogbo ẹni tó bá kọjá léèrè ìgbà tí ọkọ òun máa dé, nígbà tí ọkọ náà ti kú tipẹ́. Àwọn ọmọ gan-an, nígbà tí wọ́n bá ti ṣètọ́jú fún ọdún mélòó kan, ohùn ìyá tó ń bá wọn wí tí ó sì ń gbà wọ́n nímọ̀ràn á ti máa jìnnà sí wọn létí. Ìwé tí wọn yóò mú lọ sílé lẹ́yìn ìsìnkú ló yẹ kó fi ẹni tí ìyá jẹ́ kí àìsàn tó dé hàn wọ́n. Àwọn atẹ̀wé wa mọ iṣẹ́ bébà, wọ́n mọ̀ ọ́n gidi. Ìyá yín ni wọn kò mọ̀.

Fọ́tò iwájú ni àṣìṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó wà lórí fóònù ni ẹbí máa ń fà yọ, nítorí òun ló mọ́ jù, òun ló sì wà nítòsí jù. Ṣùgbọ́n ọdún àìsàn ni fọ́tò orí fóònù. Ẹ wò ó dáadáa: ibòmíràn ni ojú ń wò, ẹlòmíràn ló wé gèlè, bùbá ti fẹ̀ ju ọrùn lọ nítorí ara ti fà. Ẹ fi ọ̀kan irú rẹ̀ sínú ìwé, nítorí ọdún yẹn náà wà nínú ayé wọn, àmọ́ ẹ má gbé e síwájú. Ohun tó yẹ iwájú ni fọ́tò ìgbà tí iyè wọn ṣì pé: lẹ́yìn ìsọ̀ wọn lọ́jà, níwájú kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́mọ, tàbí lọ́jọ́ Ojúde Ọba láàárín ẹgbẹ́ wọn.

Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti bébà, ó sì máa ń kéré. Ìyẹn ló mú kí síkáànì ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Kí ojú ìwé A5 kan tó lè jáde kedere ní 300 dpi (iye àmì tó wà nínú ínṣì kan), ó nílò píksẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, 1748 ní ìbú àti 2480 ní gígùn. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù jẹ́ mílímítà 35 sí 45. Bí wọ́n bá síkáànì rẹ̀ ní 300 dpi, píksẹ́lì 413 péré ni ìbú rẹ̀ máa jẹ́, tí wọ́n bá sì wá fẹ̀ ẹ́ kún ojú ìwé, ojú ìyá á ṣú bàìbàì. Ní 1200 dpi, ìbú náà á lé ní 1650, ìyẹn á gbé e. Fọ́tò tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, 600 dpi tó o. Ẹ dúró ti ẹni tó ń síkáànì kí ẹ fi ojú ara yín rí iye náà lórí kọ̀ǹpútà, nítorí 300 ni wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ náà sí kó lè yá. Bó bá jẹ́ pé ẹnìkan lókè òkun ló ní fọ́tò náà, kó síkáànì rẹ̀ níbẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi document. Bó bá fi ránṣẹ́ bí àwòrán lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, a kò sì lè nà án padà mọ́.

Fọ́tò tó ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, ẹ má fà á. Ọ̀rinrin ló lẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fi agbára ṣe é, awọ tí àwòrán wà lára rẹ̀ á ṣẹ́kù sára gíláàsì. Ẹ yọ gíláàsì náà kúrò nínú férémù, kí ẹ síkáànì òun àti fọ́tò papọ̀. Èyí tó lẹ̀ mọ́ álíbọ́ọ̀mù ni a lè fi òwú ìfọyín gé lábẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti igun kan, láìtẹ fọ́tò náà po.

Àtúnṣe fọ́tò ló dùn wá jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn. Ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà á rí ilà ojú, á rò pé bébà ló fá, á pa á rẹ́. Áàpù tí ń mú fọ́tò àtijọ́ dán tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí ojú tó wà nílẹ̀ kọ́ ló ń tún ṣe, ojú tuntun ló ń fi èrò tirẹ̀ yà. Á dí èjí, á yọ àpá ṣọ̀pọ̀ná, á mú ẹyinjú méjèèjì dọ́gba. A ti mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ dání: ìyá rẹwà níbẹ̀, kò sì jọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ mẹ́fà tí orúkọ wọn wà lábẹ́ fọ́tò. Ẹ sọ fún wọn tààrà pé kí wọ́n tún ẹ̀yìn àwòrán ṣe bó ṣe wù wọ́n, kí wọ́n nu ìdọ̀tí, kí wọ́n di ibi tó ya, ṣùgbọ́n láti ibi irun dé àgbọ̀n, ibi tí bébà ti bó nìkan ni kí wọ́n fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fọ́tò àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n tún ṣe, kí ẹ sì pe àbúrò ìyá tàbí ọ̀rẹ́ wọn kan tó ti darúgbó wá wò ó. Ojú ẹni tó bá wọn ṣèwe ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ìtàn ìgbésí ayé ló kàn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó mọ ọjọ́ gbogbo ti gbàgbé rẹ̀ kó tó lọ, ẹbí kò sì rántí béèrè nígbà tí ààyè ṣì wà. Ṣọ́ọ̀bù ò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí. Ọ̀nà wà ṣá. Bí ọjọ́ ìbí kò bá dájú, Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́-orí-kan-náà ní Ìjẹ̀bú, tí ìyá wà á fi í hàn, nítorí ìwọ̀n ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n fi ń pín àwọn ẹgbẹ́ náà. Ẹ lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn. Ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì kí ọ̀sẹ̀ ìsìnkú tó dé. Fún ohun tí kò sí nínú ìwé kankan, ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ tí gbogbo àgbà mọ̀ bi àwọn ìyá tó kù léèrè. Ṣé wọ́n ti ń lọ sílé ìwé kí fíríì Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955? Wọ́n ti dé ilé ọkọ nígbà tí wọ́n fi Ọba Sikiru Adétọ̀nà jẹ Awùjalẹ̀ ní 1960? Àkọ́bí ti ń rìn nígbà tí mọ́tò ṣí sí ọwọ́ ọ̀tún, ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972? Ìsọ̀ ọjà, pọ́n-ùn ni wọ́n fi gbà á ni, àbí náírà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1973? Ìbéèrè mẹ́rin báyìí á fún yín ní ọdún tó súnmọ́ òótọ́ ju "ní ayé àtijọ́" tí àpẹẹrẹ ṣọ́ọ̀bù máa ń kọ. Ẹ tẹ ohùn wọn sórí fóònù bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Èyí tí kò bá dájú, ẹ kọ "ní nǹkan bí" síwájú rẹ̀.

Kí ìtàn náà sì ní ohun tí ọwọ́ ìyá mọ̀ ọ́n ṣe nínú. Kí ni wọ́n ń tà, ọjà wo, ọjọ́ wo? Bí wọ́n ṣe ń rin iṣu ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣán an sínú omi ẹja tó ń hó, tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò ó kó tó le díẹ̀. Ìlà mẹ́ta irú èyí á mú ọmọ-ọmọ mọ̀ wọ́n ju ojú-ewé kan tó kún fún "ìyá rere, olùfẹ́ Ọlọ́run" lọ.

Gbólóhùn kan wà nínú àpẹẹrẹ àwọn atẹ̀wé tí ẹ gbọ́dọ̀ wá rí kí ẹ sì yọ: "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́." Ó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé, ó sì máa ń ṣẹ́kù sínú ìwé ìyá tí wọ́n fi ọdún mẹ́jọ fún lóńjẹ lẹ́nu. Àwọn ẹbí mìíràn mọ̀ọ́mọ̀ ń fi í sílẹ̀ nítorí ìtìjú. A ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n a ò fara mọ́ ọn. Ìyá tó ń jáde lóru, tó ń bá òkú sọ̀rọ̀, tó ń sọ pé wọ́n jí owó òun, àdúgbò ti ń sọ ohun kan nípa wọn. Àwọn kan á ní wọ́n ń ṣarán lásán. Àwọn mìíràn á pè wọ́n ní àjẹ́. Ìwé tó bá dákẹ́ ti gba irọ́ yẹn láyè, ìwé náà sì ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ẹbí máa sọ nípa wọn ní gbangba.

Ìpínrọ̀ kan tó ṣe kedere tó. Ẹ kọ orúkọ tí dókítà pe àìsàn náà. Ẹ kọ ọdún tó bẹ̀rẹ̀, àti ohun àkọ́kọ́ tí ẹ rí: ọ̀nà ilé láti ọjà Òkè-Ajé tó ń dàrú mọ́ wọn lójú, iyọ̀ tí wọ́n fi sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ pé àìsàn tó ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Ní 1906 ni dókítà Alois Alzheimer ní Jámánì ti ṣàlàyé irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù, nítorí náà kì í ṣe ohun tuntun, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé. Ẹni tó bá sì ní àìsàn òyìnbó ni, ẹ sọ fún un pé àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà tọ àwọn àgbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn lẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé ó ń mú àwọn àgbà Yorùbá níbẹ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tó ń mú lọ́dọọdún kò tó ìdajì ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ojú-ewé ìdúpẹ́ pẹ̀lú: àpẹẹrẹ ṣọ́ọ̀bù ní àyè fún ọba, olóyè àti àlùfáà, kò ní àyè fún ẹni tó wẹ ìyá. Ẹ kọ orúkọ ìyàwó ilé tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń jí lóru láti dá wọn padà wọlé, kí ẹ kọ ọ́ ṣáájú àwọn olóyè.

Orin ètò ìsìn, ẹ má gba èyí tó wà nílẹ̀. Orin máa ń pẹ́ nínú ọpọlọ ju orúkọ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí àrùn yìí mú, tí kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́, ṣì lè kọ orin ìgbà èwe rẹ̀ láti ẹsẹ kìíní dé òpin. Orin tó kẹ́yìn lẹ́nu ìyá ni kí ẹ fi ṣe orin ìdágbére. Ẹ tẹ gbogbo ẹsẹ rẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà wé ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì yín, nítorí nọ́ńbà Áńgílíkà yàtọ̀ sí ti Mẹ́tọ́díìsì, àdàkọ ṣọ́ọ̀bù sì máa ń da méjèèjì pọ̀. Àwọn Mùsùlùmí tí ń sin òkú lọ́jọ́ kan náà kò ní láti bá ọjọ́ ìsìnkú sáré. Fìdáù ọjọ́ kẹjọ ti súnmọ́ jù fún iṣẹ́ tó péye, ẹ fi ìwé náà sí ọjọ́ ogójì, kí orin àsálátù tí ìyá fẹ́ràn wọ inú rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ mú ìwé kan tí wọ́n ti tẹ̀, kí ẹ sún ojú-ewé oríkì mọ́ ìmọ́lẹ̀. Níbi tó yẹ kí "Àbẹ̀kẹ́" wà, ẹ óò rí "Abeke", tàbí àpótí kékeré níbi ẹ, tàbí àmì tó ti yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà tó ń fò láàárín méjì. Kì í ṣe àìbìkítà nìkan ló fà á. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ, ọ, ṣ, à àti á ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní; lẹ́tà kan ni wọ́n ń kọ, kí wọ́n tó gbé àmì lé e lórí. Fọ́ńtì olódòdó tí wọ́n fẹ́ràn láti fi tẹ ìwé òkú kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú àmì sórí Word, ẹ mú fọ́ńtì náà lọ́wọ́ lọ. Nígbà tí ẹ bá ti fọwọ́ sí pírúùfù, ìyẹn ẹ̀dà àyẹ̀wò, kí wọ́n sọ gbogbo lẹ́tà di curves (àwòrán lẹ́tà tí kò nílò fọ́ńtì mọ́) nínú CorelDRAW, áàpù tí wọ́n fi ń to ìwé, kó tó lọ sórí ẹ̀rọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ̀ǹpútà tó wà nídìí ẹ̀rọ á fi fọ́ńtì mìíràn rọ́pò, àmì á tún dàrú lẹ́yìn tí ẹ ti rí i pé ó dára. Oríkì tí kò ní àmì, ọmọ-ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù kò lè kà á síta níwájú pósí. Bí oríkì ìdílé bá wà lédè Ìjẹ̀bú, ẹ kọ "má ṣe tún un ṣe" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ọwọ́ atẹ̀wé á fẹ́ sọ ọ́ di Yorùbá ilé ìwé.

Bébà àti ìdìpọ̀ kò gba àlàyé púpọ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn ti dára jù. Ìwé inú, 135 gsm (gsm ni ìwọ̀n bí bébà ṣe wúwo tó). Èèpo, 250 gsm tàbí 300, pẹ̀lú lámínéṣọ̀n, ìyẹn ọ̀rá tí wọ́n ń fi bo èèpo, tí kò dán, nítorí èyí tó ń dán máa ń fi ìka ọwọ́ hàn, iná ṣọ́ọ̀ṣì á sì bo ojú ìyá mọ́lẹ̀. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa ojú ibi tí wọ́n máa ṣẹ́ èèpo kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á là, ìlà funfun á sì hàn lẹ́yìn ìwé. Iye ojú-ewé gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin: 24, 28, 32. Bí ọ̀rọ̀ yín bá jẹ́ 26, ẹ fi fọ́tò méjì kún un, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún lẹ́tà pọ̀, nítorí àwọn arúgbó ni yóò kà á. Ìwọ̀n lẹ́tà 11 ló yẹ kó kéré jù. Ẹ̀dà tí kò tó 300, ẹ̀rọ dígítà ló dára fún un. Bó bá ti di 500 sókè, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá tí wọ́n ń pè ní Kord, tàbí àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ní Èkó, ló máa ń dínwó jù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Ṣómólú nílò ẹnìkan tó máa dúró níbẹ̀ wo ẹ̀dà àkọ́kọ́. Kí ẹ tún fún un láàyè kó gbẹ fún odidi ọjọ́ kan kí wọ́n tó gé e, pàápàá lásìkò òjò. Ojú ìyá tó yí sára ojú-ewé kejì, ìkánjú ló ń fà á.

Ọjọ́ 14 la gbà yín níyànjú, kì í ṣe márùn-ún tí wọ́n máa ń ṣèlérí. Fọ́tò àti ìtàn gba ọjọ́ méje. Títò àti àtúnṣe, ọjọ́ mẹ́ta. Pírúùfù tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà, kì í ṣe ti orí fóònù, ọjọ́ kan. Ìtẹ̀wé àti ìdìpọ̀, ọjọ́ mẹ́ta. Ìsìnkú pọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì níbí, nítorí náà ọjọ́rú ni ṣọ́ọ̀bù máa ń kún jù, ọjọ́rú sì ni àṣìṣe máa ń pọ̀ jù. Kí ẹnìkan láti ìdí kọ̀ọ̀kan ka orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tiwọn lórí pírúùfù náà kó sì fọwọ́ sí i. Orúkọ kan tó bá fò, ìjà rẹ̀ máa ń ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Ife ìrántí tí wọ́n ń fi kún owó náà kò tọ́ sí i tó bá jẹ́ sítíkà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá fọ ife náà lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ìyá á bó. Èyí tí wọ́n fi ooru tẹ̀ wọ ara ife gan-an ló ń pẹ́. Ẹ fi èékánná họ etí àwòrán kẹ́ ẹ tó sanwó.

Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gba nǹkan méjì sórí fláàṣì: PDF tí wọ́n fi tẹ̀wé, àti fáìlì CorelDRAW tí wọn kò tíì sọ lẹ́tà rẹ̀ di curves. Àwọn kan kì í fẹ́ fi èyí kejì sílẹ̀, ẹ fi í sínú àdéhùn láti ọjọ́ kìíní. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ẹnìkan tó ń gbé Ṣàgámù tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó máa ń pe yín pé òun ní fọ́tò ìyá ní ọmọ ogún ọdún, tàbí pé ọdún tí ẹ kọ kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣí ìsọ̀. Pẹ̀lú fáìlì yẹn, ẹ lè fi fọ́tò náà sí ojú-ewé 3, kí ẹ tún ọdún náà ṣe, kí ẹ sì tẹ ogún ẹ̀dà fún ìrántí ọdún kan.